Ọmọ Tó Kúnlẹ̀ Kí Mi

Orúnkún méjèèjì ló fi kanlẹ̀. Báàgì ìwé ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ọmọ yòókù ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá gìrìgìrì, ó tẹrí ba, ó ní, “Ẹ káàárọ̀, mà.”

Kọ́rídọ̀ ilé-ìwé girama kan nìyẹn, ní ìwọ̀-oòrùn Dublin, láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè. Àwọn ọmọ òyìnbó dúró. Ọ̀kan nínú wọn ní, “Jaysus, what's she at?” Èkejì bú sẹ́rìn-ín. Igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé, Mísítà Tierney, ọkùnrin gíga kan tí ife tíì kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ń bọ̀ láti apá kejì.

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣe tíṣà ní Ìsẹ́yìn. Àwọn ọmọ tó kúnlẹ̀ kí mi níbẹ̀ kò lóǹkà. Èmi náà kúnlẹ̀ kí àwọn tíṣà tèmi títí awọ orúnkún mi fi yi. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ara mi bù máṣọ. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọmọ náà létí, mo ní, “Dìde. Dìde kíá! Àwọn èèyàn ń wò wá.”

Ó dìde, ó gbọn eruku kúrò lórúnkún rẹ̀. Mísítà Tierney dé ọ̀dọ̀ wa, ó bèèrè bóyá kò sí nǹkan tó ṣe ọmọ náà. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kò sí o, nǹkan ló bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń ṣà á ni.

Irọ́ àkọ́kọ́ tí mo pa lórí ọmọ yẹn nìyẹn.

Kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́, ẹ jẹ́ kí n ro tẹnu mi díẹ̀. Ẹni tó mọ̀ pé òun jẹ̀bi náà máa ń rojọ́.

Ọdún kejì tí mo dé Dublin ni wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí mi. Kó tó dìgbà náà, iléeṣẹ́ oògùn ni mo wà ní Grange Castle, mò ń di páálí, mo fi nẹ́ẹ̀tì bo orí bí ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì. Social Studies ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ nílé, tí mo máa ń kọ “iyì wà nínú iṣẹ́” gàdàgbà sójú pátákó. Mo dé ìdí páálí, mo wá iyì náà títí, ẹsẹ̀ wíwú ni mo rí. Bí mo bá padà sí yàrá mi ní Phibsborough, mo máa ń bá ara mi sọ̀rọ̀ sókè, kí n lè gbọ́ Yorùbá. Mo máa ń kí ara mi kú iṣẹ́. Èmi náà ni mo máa ń dáhùn.

Nígbà tí iṣẹ́ tíṣà wá dé, èyí tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ ni wọ́n dì lé mi lórí. CSPE ni wọ́n ń pè é, ẹ̀kọ́ bí èèyàn ṣe ń jẹ́ ọmọ ìlú: ẹ̀tọ́ rẹ̀, ojúṣe rẹ̀, ìdìbò, ìjọba. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni kíláàsì kọ̀ọ̀kan ń ṣe é lọ́sẹ̀. Tíṣà jọ́gíráfì ti ṣe é rí, tíṣà eré ìdárayá náà ti ṣe é rí, wọ́n wá rí mi. Wọ́n so ẹ̀kọ́ ìbágbépọ̀ mọ́ ọn, níbi tí a ti ń kọ́ ọmọ pé kó gbé orí sókè, kó má bẹ̀rù, kó máa wo èèyàn lójú tó bá ń sọ̀rọ̀. Àjèjì ni kó wá kọ́ onílé bí wọ́n ṣe ń jẹ́ onílé! Èmi gan-an, mi ò tíì ní ìwé ìlú wọn. Lọ́dọọdún ni mò ń lọ tò sórí ìlà, kí wọ́n tó lu òǹtẹ̀ sínú ìwé mi pé kí n ṣì dúró.

Èdè wọn pàápàá kọ́ mi lọ́gbọ́n. Mo rò pé mo gbọ́ òyìnbó. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, mo bi akọ̀wé ilé-ìwé níbi tí àwọn ìwé tí n ó fi kọ́ni wà. Ó ní, “They're in the press.” Mo rò pé wọ́n ṣì ń tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi kọ́ni látorí, tí mò ń dúró de ilé ìtẹ̀wé. Àṣé kọ́bọ́ọ̀dù ni! Kọ́bọ́ọ̀dù tó wà lẹ́yìn mi nínú kíláàsì níbẹ̀ ni wọ́n ń pè ní press. Mo dé ilé, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, mo sì wò yíká, kò sí ẹni tí mo lè ròyìn rẹ̀ fún.

Mi ò mọ̀ nígbà yẹn pé ọ̀rọ̀ kan tó kéré ju press lọ ṣì ń bọ̀ wá bá mi.

Ọmọ tó kúnlẹ̀ yẹn, Morẹ́nikẹ́ lorúkọ rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni, kò tíì ju oṣù márùn-ún tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé, tó wá bá ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń dirun ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Parnell Street, ọ̀dọ̀ rẹ̀ lèmi náà ti ń dirun. Obìnrin ọlọ́yàyà ni, ó kéré sí mi díẹ̀. “Anti Tíṣà” ló máa ń pè mí, tí yóò sì máa sọ fún àwọn oníbàárà pé, “Anti yìí ló ń kọ́ àwọn òyìnbó níwèé o!” Bó bá ti sọ ọ́ báyìí, mo máa ń ṣe bíi pé mi ò gbọ́, ṣùgbọ́n inú mi á máa dùn ṣìnkìn.

Ẹ gbọ́ orúkọ ọmọ náà: mo rí ẹni kẹ́. Nínú kíláàsì, wọ́n ti sọ ọ́ di More Nike, bíi bàtà. Bí ó bá ti ń wọlé, wọ́n á ní, “Just do it!” Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo ṣí réjísítà, mo kan orúkọ náà. Èmi nìkan ṣoṣo nínú ilé-ìwé yẹn ló lè pè é bó ṣe yẹ kí wọ́n pè é. Mo wo ojú àwọn ọmọ, mo wo ìwé, mo ní, “Moreniki.” Mi ò fẹ́ kí ahọ́n mi yàtọ̀. Ó gbójú sókè díẹ̀, bí ẹni tó gbọ́ ohùn ará ilé tí kò sì rí ẹnikẹ́ni, ó ní, “Present, Miss.”

Síbẹ̀, ọmọ náà fà mọ́ mi. Lẹ́yìn kíláàsì, bí àwọn yòókù bá ti rọ́ jáde, ó máa ń dúró kó ìwé, á tò wọ́n sínú press, á nu pátákó. Kò sí ẹni tó rán an. Níbi tó ti wá, tíṣà kì í kó ìwé fúnra rẹ̀ kí ọmọ máa wò ó. Mo ní kó máa lọ, ó ní, “Ẹ jẹ́ n bá yín ṣe é, mà,” kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, nítorí ó ti mọ̀ pé mi ò fẹ́ Yorùbá nínú ilé-ìwé.

Mo sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ìyá mi lórí fóònù. Ọ̀sán Sátidé ni mo máa ń pè é, nínú ṣọ́ọ̀bù tẹlifóònù ní Parnell Street, mo wọ inú àpótí onígíláàsì, mò ń pariwo nítorí etí rẹ̀ ti ń di.

“Ṣé àwọn ọmọ òyìnbó yẹn ń kí ọ?” ó bèèrè.

“Wọ́n ń kí mi, mà. Wọ́n ń sọ pé howya.”

“Kí nìyẹn? Wọn ò kúnlẹ̀?”

“Wọn kì í kúnlẹ̀ níbí, Màámi. Ọmọ kan ló kúnlẹ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni.” Mi ò sọ ohun tí mo wí sí i létí.

“Ọmọ yẹn nílé! Ta ló ní níbẹ̀?”

“Ìyá rẹ̀ nìkan ni.”

“Ó ní ìwọ náà nìyẹn. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́ o. Ṣé o gbọ́?”

“Mo gbọ́, mà.”

Mo gbọ́ ọ dáadáa. Etí ìyá mi ló ń di, tèmi ò di rárá.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn kù díẹ̀ kó dé nígbà tí Mísítà Tierney dá mi dúró láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ó ní ọ̀gá ti sọ pé kí wọ́n fún mi ní iṣẹ́ kíkún láti ọdún tó ń bọ̀, iṣẹ́ tí mi ò ní máa tọrọ lọ́dọọdún mọ́. Ó fọwọ́ kàn mí léjìká. “You're one of our own now,” ó ní. Mo ti di tiwọn. Ẹ̀yin èèyàn mi, inú mi dùn débi pé mo wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ sunkún. Ọdún mẹ́rin ni mo ti wà nínú ìlú yẹn tí ẹnikẹ́ni ò sọ pé tiwọn ni mí. Bí ẹni tó ti inú òjò bọ́ sídìí iná ló rí lára mi.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn kan náà ni fóònù sọnù.

Aoife ló ni fóònù, ọmọ kan nínú kíláàsì Morẹ́nikẹ́. Tuntun ni, aláwọ̀ fàdákà, irú èyí tí wọ́n ń ṣí tí wọ́n ń pa dé. Ó ní kíláàsì mi lòun ti lò ó kẹ́yìn, lábẹ́ tábìlì. Wọ́n bèèrè ẹni tó gbẹ̀yìn jáde. Gbogbo ojú yí sí Morẹ́nikẹ́, nítorí kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé òun ló máa ń dúró kó ìwé sínú press.

Mísítà Tierney ní kí n wá bá wọn jókòó ní ọ́fíìsì òun. Ó ní èmi ni tíṣà kíláàsì náà, ó sì ní, ó ṣe tán, èmi àti ọmọ náà gbọ́ èdè ara wa.

Morẹ́nikẹ́ dúró níwájú tábìlì. Mísítà Tierney bi í bóyá òun ló mú fóònù. Ọmọ náà wolẹ̀, ó ní, “No, sir.” Ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. Èmi gbọ́ ọ. Mi ò mọ̀ bóyá ọkùnrin náà gbọ́.

“Wo ojú mi tí mo bá ń bá ọ sọ̀rọ̀.”

Ó túbọ̀ wolẹ̀. Kí la fẹ́ kó ṣe? Ọmọ tí àgbà ń bá wí, tó wá ranjú mọ́ àgbà, orúkọ wo là ń pè é nílé wa?

“I said look at me!”

Ohùn rẹ̀ ròkè, ó sì fọwọ́ lu tábìlì. Ìgbà yẹn lọmọ náà ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa ì bá ṣe. Ó kúnlẹ̀. Ó ń fi ọwọ́ ra ọwọ́, ó ní, “Sorry, sir. Please, sir. Sorry, sir.”

Ẹ má bínú ló ń sọ. Ẹ má bínú nìkan ni! Bí àgbà bá ń bínú, ṣebí a kọ́kọ́ ń bẹ̀ ẹ́ ná, kí ara rẹ̀ rọ̀, ká tó wá sọ pé àwa kọ́ la ṣe é. Ẹ̀bẹ̀ ló ń ṣíwájú àlàyé. Ọmọdé tí kò tíì já lẹ́nu ọmú ti ń kọ́ ọ. Àwọn òyìnbó yẹn pàápàá, bí wọ́n bá fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ kọjá nínú bọ́ọ̀sì, wọ́n á ní sorry. Bí ìwọ lo tẹ̀ wọ́n lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀, àwọn náà ni yóò ní sorry. Kò sí ẹni tó ń torí ẹ̀ mú wọn lólè. Orúnkún tó wà nílẹ̀ ló sọ ọ̀rọ̀ kékeré yẹn di ẹjọ́.

Mísítà Tierney fẹ̀yìn ti àga. Ara rẹ̀ ti balẹ̀. Ó kọjú sí mi, ó ní, “Well. Ó gbà pé òun ṣe é nìyẹn, àbí? Ṣé ohun tó ń sọ nìyẹn?”

Gbólóhùn kan péré ni. Mo ti tò ó sẹ́nu: rárá o, sà, bí a ṣe ń bẹ àgbà nílé wa nìyẹn, kì í ṣe pé ó jẹ̀bi. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí mo kọ ọ́ sójú pátákó, tí mo fi ṣọ́ọ̀kì pupa fa ìlà sí i lábẹ́, pé ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ní ẹ̀tọ́ kí wọ́n gbọ́ tẹnu rẹ̀. Ṣùgbọ́n “nílé wa” yẹn ló há sí mi lọ́fun. Bí mo bá ṣàlàyé ìkúnlẹ̀ yẹn, ara mi ni mò ń ṣàlàyé. Èmi náà á bá ọmọ náà wà nílẹ̀ níbẹ̀ lójú ọkùnrin yẹn. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di tiwọn. Mi ò fẹ́ kó dọ̀sán kí n tún ti di àjèjì.

Mo ní, “She said she's sorry.”

Òótọ́ ni mo sọ. Kò sí irọ́ níbẹ̀ rárá. Mi ò tíì sọ òótọ́ tó burú tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Morẹ́nikẹ́ gbójú sókè látorí ìkúnlẹ̀ tó wà, ó wò mí lójú tààrà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Kò sunkún. Mo wo fèrèsé.

Wọ́n ní kó lọ jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ kan.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, lẹ́yìn ìsìn ọ̀sán, ìyá rẹ̀ mú un wá sí yàrá mi ní Phibsborough. Aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì ṣì wà lára àwọn méjèèjì. Ó gbé ẹ̀fọ́ rírò wá nínú ike áísìkiriìmù, ó fi àpò ike dì í ní ìlọ́po méjì kó má baà dà nínú bọ́ọ̀sì.

“Anti Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ,” ó wí. Ojú rẹ̀ ti wú. “Ọmọ yìí ò mú nǹkan oníǹkan rí. Mo bi í, mo nà án, ó lóun ò mú un. Wọ́n ní ẹ̀yin wà níbẹ̀. Kí lẹ sọ fún wọn?”

Morẹ́nikẹ́ jókòó sétí àga, ó ń wo kápẹ́ẹ̀tì.

Mo ní, “Mo bá wọn sọ ọ́ títí, Ìyá Morẹ́nikẹ́. Mo ní ọmọ dáadáa ni. Mo ní bí a ṣe ń bẹ àgbà nìyẹn. Wọn ò gbà ni.”

Ọmọ náà wà nínú ọ́fíìsì yẹn. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo sọ níbẹ̀ kò ju mẹ́ta mẹ́rin lọ, ó sì gbọ́ wọn. Ó kàn lè ní, “Mummy, irọ́ ni.” Mo ń retí rẹ̀. Ṣùgbọ́n a kì í sọ fún àgbà pé irọ́ ló ń pa. Bó bá burú tán, ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ á ní ẹ ṣì í sọ ni, mà. Morẹ́nikẹ́ ò tilẹ̀ sọ ìyẹn. Ẹ̀kọ́ ilé tí mò ń tijú rẹ̀ nínú kọ́rídọ̀, òun ni mo wá sá sí lábẹ́ nínú yàrá ara mi.

Ìyá rẹ̀ wá dìde lórí àga, ó kúnlẹ̀. “Ẹ ṣé, mà. Ẹ ṣé gan-an ni. Ẹni tó bá ní yín nílùú yìí ti lẹ́nìkan.”

Mo ní kó dìde, kó dìde jọ̀ọ́. Wọ́n lọ tán, mo gbé ike ọbẹ̀ yẹn sínú fíríìjì, mi ò lè fẹnu kàn án. Ó wà níbẹ̀ títí ó fi kan, mo sì dà á nù, èmi tí mi ò da oúnjẹ nù rí. Ojú tì mí ní ọjọ́ yẹn, ojú ṣì ń tì mí bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Wọ́n rí fóònù náà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Inú báàgì aṣọ eré Aoife fúnra rẹ̀ ló wà, ó ti gba ojú ihò kan bọ́ sí abẹ́ aṣọ inú rẹ̀. Ìdí omi gbígbóná ni Mísítà Tierney ti sọ fún mi nínú yàrá àwọn tíṣà, ó ń po tíì rẹ̀. Ó ní òun á kọ lẹ́tà sí ìyá ọmọ náà. Ó ní, “Ah, no harm done. Òun náà ló kúkú ní sorry. Ta ló ń sọ sorry láìṣe nǹkan kan?”

Ó yẹ kí n sọ ọ́ nígbà yẹn, ó kéré tán. Mo ní, “Grand,” bí wọ́n ṣe ń sọ níbẹ̀ pé kò burú. Mo wẹ ife mi, mo gbé e kọ́ sáàyè rẹ̀, nítorí mo ti ní ààyè ife tèmi níbẹ̀.

Lẹ́tà náà ò bá Morẹ́nikẹ́ nílé-ìwé. Ìyá rẹ̀ ti mú un kúrò, ó ti fi í sí òmíràn ní òdìkejì ìlú.

Nígbà tí mo fọwọ́ síwèé iṣẹ́ kíkún, mo pe ìyá mi. Ó ní “Alhamdulillahi” títí n kò lè kà á mọ́, ó ní òun á fi sàárà. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ọmọ tó ń kúnlẹ̀ kí ọ yẹn ńkọ́? Bá mi kí i.”

“Ó ti kó lọ síbòmíràn, Màámi.”

“Háà. Ṣé kò sí nǹkan tó lé e?”

Mo ní káàdì ìpè mi ti fẹ́ tán. Kò tíì fẹ́ tán.

Báyìí ni mo ṣe di ẹni tó ní ipò ní Dublin. Mo ní kọ́kọ́rọ́, mo ní réjísítà, àwọn òbí òyìnbó ń pè mí ní Miss. Àwọn ọmọ dúdú ń pọ̀ sí i nílé-ìwé, kò sí èyí tó kúnlẹ̀ mọ́. Howya ni gbogbo wọn ń sọ. Mo pààrọ̀ onídìrí. Bí mo bá ní nǹkan rà ní Parnell Street, òdìkejì títì ni mò ń rìn, mo sì máa ń fi ìborùn bo ojú díẹ̀ títí n ó fi kọjá ṣọ́ọ̀bù Ìyá Morẹ́nikẹ́. Wọ́n ń kọ́ ilé gíga káàkiri, ẹ̀rọ tó ń gbé irin wà lójú ọ̀run níbi gbogbo, gbogbo èèyàn ń sọ pé ìlú ń dára. Òótọ́ ni, ó ń dára. Ìlú tí mo wá tì mí lẹ́yìn pé kí n wọlé, mo sì wọlé. Àmọ́ lọ́dọọdún, bí a bá kan ojú ìwé tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn, mo máa ń ní kí àwọn ọmọ kà á sínú, kí wọ́n má kà á sókè.

Ọdún kẹrin lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà, nínú oṣù ààwẹ̀, mo wà ní mọ́sálásí. Àáfà tó ṣe wáàsí, ọmọ Yorùbá ni. Ó ní ẹ̀ṣẹ̀ tó wà láàrin ìwọ àti Ọlọ́run, Ọlọ́run lè forí jì ọ́ bí o ti jókòó yẹn. “Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ ọmọnìkejì tó wà lọ́rùn rẹ ńkọ́? Àfi kí o dé ọ̀dọ̀ onítọ̀hún o! Ìwọ fúnra rẹ!” Ẹ̀tọ́. Ọ̀rọ̀ tí mo fi ń jẹun. Mo ti kọ ọ́ lédè òyìnbó sójú pátákó láìmọye ìgbà, mi ò mọ̀ pé ó ní ìwúwo tó bẹ́ẹ̀ ní Yorùbá.

Sátidé tó tẹ̀lé e, mo sọdá títì sí ìhà ṣọ́ọ̀bù Ìyá Morẹ́nikẹ́.

Ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù wà ní ṣíṣí. Oníbàárà méjì wà níbẹ̀, irun ọ̀kan ti dé ìdajì. Ìyá Morẹ́nikẹ́ rí mi, ó pariwo. “Háà! Anti Tíṣà! Ẹ̀yin rèé! Mo kúkú ti sọ pé ẹ ti padà sílé!”

Ọmọbìnrin gíga kan dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń ya irun sọ́tọ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé ọmọ iṣẹ́ ni. Ó yíjú, ó wò mí lójú, kò ṣẹ́jú. “Howya, Miss.” Ohùn Dublin ni, pọ́ńbélé.

“Kí ni howya?” Ìyá rẹ̀ nà án ní kóòmù lápá. “Ṣé bí wọ́n ṣe ń kí àgbà nìyẹn? Kúnlẹ̀ jàre!”

“Miss doesn't like it, Mam.”

Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Kò mọ ohun tó ń sọ. Èmi mọ̀ ọ́n. Mo ti to ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láti Phibsborough, mo ti kọ́ ọ sórí bí ọmọ tó fẹ́ ka ewì, gbogbo rẹ̀ fò lọ.

Mo ní, “Ìyá Morẹ́nikẹ́, mi ò bá wọn sọ ọ́.”

“Ẹ ò bá ta ni sọ kí ni, mà?”

“Lọ́jọ́ ọ̀rọ̀ fóònù yẹn. Mi ò sọ pé ọmọ dáadáa ni. Mi ò sọ bí a ṣe ń bẹ àgbà. Wọ́n bi mí bóyá ó gbà pé òun jí i, mo kàn ní ó ní sorry. Mo ń bẹ̀rù iṣẹ́ mi. Ẹ wá wá sílé mi, mo purọ́ fún yín.”

Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú irun oníbàárà. Ẹ̀rín ṣì wà lójú rẹ̀, kò tíì mọ ibi tó máa gbé e sí. Ó yíjú díẹ̀díẹ̀ sí ọmọ rẹ̀.

“O mọ̀?”

“Yeah.”

“O mọ̀, o sì dákẹ́? Mo gbé ọbẹ̀ lọ fún un! Mo kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀! Mo nà ọ́, Morẹ́nikẹ́, mo fi ọ̀rọ̀ yẹn nà ọ́!”

Ọmọ náà sọ èjìká sókè. “You said you don't call an elder a liar, Mam. You always said it.”

Oníbàárà tí irun rẹ̀ dé ìdajì ń wò mí nínú dígí.

Mi ò ro ohun tí mo ṣe tẹ̀lé e. Orúnkún mi ló rò ó. Mo bá ara mi nílẹ̀ lórí táìsì, láàrin èéjá irun, ẹsẹ̀ mi kọjú sí ìlẹ̀kùn, àwọn tó ń lọ ní títì ń yọjú. Oníbàárà kan ní, “Ye! Mà, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́!”

“Morẹ́nikẹ́,” mo pè é. Mo pè é bí wọ́n ṣe ń pè é ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìgbà àkọ́kọ́ láti ẹnu mi. “Má bínú. Jọ̀ọ́, má bínú.”

Ó wò mí títí. Ojú mi gan-an ló ń wò, bí mo ṣe ń kọ́ wọn pé kí wọ́n máa ṣe. Lẹ́yìn náà ó gbé kóòmù sílẹ̀, ó wá, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ mi létí, ó sì fi Yorùbá sọ ọ́, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́:

“Ẹ dìde, Miss. Ẹ dìde kíá. Àwọn èèyàn ń wò wá.”